Páálí DVD ìnáwó ilé wa: sọ́fútíwíà wo ni kí n fi gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà àti tábúlẹ́ẹ̀tì?

ỌmọBódìjà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bàbá mi pé ọdún 78 lóṣù tó kọjá. Nígbà tí a ń tún yàrá wọn ṣe, a fa páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn, àwo DVD ló kún inú rẹ̀. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún: ìsìnkú ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìkómọ mẹ́ta, ìṣílé, àti ọ̀kan tí wọ́n fi gègé kọ "Ojúde Ọba" sí lójú láìkọ ọdún sí i.

Ẹ̀rọ DVD ilé ti kú tipẹ́. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní ibi tí wọ́n ń ki àwo bọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì Android tí àbúrò mi rà ni bàbá fi ń wo gbogbo ohun tó bá wù wọ́n báyìí, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ìyá wọn níbẹ̀.

Mo wọ Google láti wá ohun tó ń yí DVD padà. Háà! Ó ju ogún lọ, kálukú ń pariwo pé òun ló dára jù. Mo yá dírááfù ọ̀rẹ́ mi kan, mo gba ọ̀kan nínú àwọn sọ́fútíwíà náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣe ìsìnkú màmá àgbà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó dúró, ó ní kí n san dọ́là. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó ṣe náà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí iwájú orí àwọn tó ń sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀yin ń lò gan-an? Windows 10 ni mo ní. Mi ò fẹ́ ohun tó le.

TúnKọ̀ǹpútàṢe kọ:

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti ń jẹun, irú páálí yẹn ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ dá dírááfù ọlọ́rẹ̀ẹ́ padà kí ẹ ra tiyín, èyí tí wọ́n ń fi wáyà USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Àmọ́ ẹ má ra èyí tó ní ojú tínrín tó ń fa àwo wọlé fúnra rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan nígbà kan rí ń lo àwo kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú páálí yín tí ẹ bá tì í bọ ojú tínrín yẹn, ó di kí ẹ gbé e wá kí n tú u. Èyí tó ń na àtẹ́ síta ni kí ẹ rà.

Ní ti sọ́fútíwíà, HandBrake. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò ní kọ orúkọ sí ẹnikẹ́ni níwájú orí. Láti 2003 ló ti wà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. handbrake.fr nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ ọ̀kan nínú àwọn sáfà tí wọ́n ti ń pín in, wọ́n fi èyí tó ní fáírọ́ọ̀sì rọ́pò ti Mac fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó ń ṣe HandBrake ló fúnra wọn kéde rẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nílé onílé, kí lẹ rò pé ó wà lójú ìwé tó ní bọ́tìnnì "Download" mẹ́fà, tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́?

Bí ẹ bá ṣí i tó ní òun ń wá .NET Desktop Runtime (ohun tó nílò kó tó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows), ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀dọ̀ Microsoft ni kí ẹ ti gbà á, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Ìyá_Àbíkẹ́ kọ:

Èmi sanwó ra ọ̀kan, n kò sì kábàámọ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo lò ń tẹ̀. Àwọn ọ̀fẹ́ yìí, wọn kì í ṣí àwọn fíìmù tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù.

Alákòóso kọ:

Mo fẹ́ dá sí i kí ọ̀rọ̀ má baà yà sọ́nà ibòmíràn. Àwo ìnáwó ilé ẹni kì í ní ìdè lára, ìyẹn títì tí kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀, HandBrake yóò ṣí i wẹ́rẹ́. Àwo fíìmù ọjà ni wọ́n sábà máa ń dè, HandBrake kì í sì í já ìdè. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù Kẹta ọdún 2023 kò gbà kí èèyàn máa já ìdè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, àyè tí wọ́n fún yín lọ́dún 2014 láti ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹ rà fún ìlò ara yín, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e lọ́dún 2015. Nítorí náà a kì í dárúkọ sọ́fútíwíà ajádè níbí. Ẹ padà sórí páálí bàbá.

Onífídíò_Ìjẹ̀bú kọ:

Èmi ni irú ẹni tó ń ta àwo wọ̀nyẹn fún yín. Láti 2001 títí di nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìnáwó tí n kò gbé kámẹ́rà dé láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù kò pọ̀. Ẹlòmíràn kò tíì san ìyókù owó mi títí dòní, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la wá sọ.

Ẹ ń bèèrè sọ́fútíwíà láìtíì mọ ohun tó wà nínú páálí. Kì í ṣe gbogbo àwo tí a kọ DVD sí lára ló jẹ́ DVD. Nígbà yẹn, DVD òfìfo wọ́n ju CD òfìfo lọ, ẹ̀rọ VCD ló sì wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Oníbàárà tó bá ní òun fẹ́ àádọ́ta ẹ̀dà láti pín fún ẹbí, tó tún ń yọwó sílẹ̀, VCD, ìyẹn fídíò tí a kọ sórí CD, la ó ṣe fún un. Àpò tó bá sì wà nílé la ó kì í sí, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ DVD gàgàrà sí.

Ẹ ki àwo bọ dírááfù, ẹ má jẹ́ kó máa kọrin, ẹ ṣí i bí ẹ ṣe ń ṣí fláàṣì. Bí ẹ bá bá fódà tó ń jẹ́ VIDEO_TS níbẹ̀, DVD gidi ni. Bó bá jẹ́ MPEGAV lẹ rí, VCD ni, kódà kí wọ́n fi wúrà kọ DVD sí i. Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkọ̀ọ̀kan. Àwòrán DVD tiwa níhìn-ín jẹ́ 720 sí 576. Ti VCD jẹ́ 352 sí 288, ìyẹn ni ojú àwọn ará ẹ̀yìn fi máa ń dà bí àmàlà. Kò sí sọ́fútíwíà tó lè mú ojú tí kò sí lórí àwo jáde. Ẹni tó bá ní òun yóò sọ VCD di HD fún yín, owó yín ló ń wò.

Èyí tó bá jẹ́ DVD gidi, ẹ má tíì sáré lọ sí HandBrake. Ẹ da gbogbo fódà VIDEO_TS kọ sínú kọ̀ǹpútà ná. Irú àwo wa yìí tó bá kún kì í sábà ju 4.7 GB lọ, Windows yóò kà á sí bíi 4.37, ẹ má rò pé nǹkan sọnù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dírááfù yóò ka àwo náà báyìí, àwo tó ti gbó kò sì fẹ́ kí wọ́n máa yí òun fún wákàtí méjì.

Nínú fódà yẹn lẹ ó ti rí àwọn fáìlì VOB: VTS_01_1, VTS_01_2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó ń ju 1 GB lọ nínú wọn, torí náà ìnáwó kan lè pín sí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ má yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan o! Fódà ni kí ẹ gbé fún HandBrake, ó mọ bí yóò ṣe so wọ́n pọ̀. Oníbàárà mi kan yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ń jó wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, fáìlì parí. Ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà lókè.

Bí ẹ bá sì yí i tán, ẹ má pa VIDEO_TS rẹ́. Èyí tí HandBrake bá ṣe ti fúyẹ́ ju ti ìpilẹ̀ lọ. Ọmọ ni, VIDEO_TS ni ìyá rẹ̀. Ẹ rí háàdì dírááfù kan kí ẹ kó gbogbo ìyá sí.

ỌmọBódìjà kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra dírááfù alátẹ́. Mo ṣí gbogbo wọn wò lálẹ́ àná: mọ́kànlá jẹ́ VIDEO_TS, mẹ́rin jẹ́ MPEGAV (ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ìwọ̀nyí, "Part 1" dé "Part 3", inú àpò DVD sì ni wọ́n wà lóòótọ́!). Méjì kò ṣí rárá, ọ̀kan nínú wọn ni ìsìnkú apá kejì. Kí ni mo máa tẹ̀ nínú HandBrake? Ohun tó wà lójú rẹ̀ pọ̀ jù.

BàbáÌbejì_Houston kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má wo ojú rẹ̀, nǹkan mẹ́rin péré lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn níbẹ̀.

Ẹ ṣí i, ẹ tẹ "Folder", ẹ fi VIDEO_TS hàn án. Yóò ka àwo náà, yóò sì fi àwọn "Title" rẹ̀ hàn yín pẹ̀lú iye wákàtí tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́. Èyí tó gùn jù ni ìnáwó gan-an. Àwọn kéékèèké sábà máa ń jẹ́ orin ìṣáájú àti àwòrán tó ń yí lójú mẹ́nù.

Lẹ́yìn náà ni "Preset", ìyẹn ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún yín. Ibí yìí ni mo ti ṣi ọwọ́ lò rí. Amẹ́ríkà ni mo wà, àwo tí wọ́n ṣe níbí jẹ́ 720 sí 480, àwòrán bí ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ti mọ "Fast 480p30" mọ́ra. Nígbà tí màámi fi àwo ìsìnkú bàbá wa ránṣẹ́ láti Òṣogbo, mo tẹ 480 fún un láìronú. Ó fún àwòrán náà mọ́lẹ̀ láti 576 sí 480, mo sì ti ju fódà ìyá nù kí n tó mọ̀. Tiyín, "Fast 576p25" ni. Ti Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba bákan náà ni, 576 àti àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

"Format", ẹ fi sí MP4. Lábẹ́ "Video", H.264 ni kí ẹ mú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ ni. H.265 ń mú fáìlì kéré sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá ti dàgbà díẹ̀ yóò máa sín bó bá ń gbé e. H.264 kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, iPad mọ̀ ọ́n, Android mọ̀ ọ́n, tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé tí ẹ bá ki fláàṣì sí mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà RF tí ẹ ó rí níbẹ̀, ẹ gbé e sí 20. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀ ni àwòrán ń dára sí i tí fáìlì sì ń tóbi. Láàárín 18 sí 22 ni irú àwo wa yìí.

Ẹ má fọwọ́ kan "Dimensions". Ẹni tó bá ń fipá na àwòrán 4:3 (fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta) kó lè kún ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹbí ni yóò sanra.

Linux_ni_mo_ń_lò kọ:

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú pẹ̀lú bọ́tìnnì? ffmpeg, sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń tẹ àṣẹ fún, ń ṣe gbogbo èyí ní ìlà kan. Fún DVD:

ffmpeg -i "concat:VTS_01_1.VOB|VTS_01_2.VOB|VTS_01_3.VOB" -vf yadif -c:v libx264 -crf 20 -c:a aac -b:a 160k ikomo.mp4

Ó parí.

TúnKọ̀ǹpútàṢe kọ:

Àbúrò mi, o ṣeun. Ẹni tó ní òun kò fẹ́ ohun tó le lo ń fún ní ìyẹn?

Linux_ni_mo_ń_lò kọ:

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mo ní ohun kan sọ nípa VCD mẹ́rin yẹn, ó rọrùn. Ẹ má yí wọn padà rárá. Nínú fódà MPEGAV ni fáìlì AVSEQ01.DAT wà. Orúkọ rẹ̀ ló ń dẹ́rù bani, fídíò MPEG-1 lásán ló wà nínú rẹ̀, àwo kan kò sì ju nǹkan bíi wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ gbé VLC, sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń wo fídíò, sórí tábúlẹ́ẹ̀tì bàbá, ọ̀fẹ́ ni, yóò gbé e bó ṣe wà. Bí ẹ bá tún un yí, àwòrán tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ tún ń yọ ẹran lára rẹ̀.

Bí Windows bá kọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ da fáìlì DAT kọ, tó ń sọ pé àṣìṣe wà, kò túmọ̀ sí pé àwo ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sórí VCD yàtọ̀ sí ti CD tí a ń kó fáìlì sí ni. Ẹ lo VLC fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: "Media", "Convert/Save", "Disc", kí ẹ mú VCD níbẹ̀.

ỌmọBódìjà kọ:

Mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo padà dé pẹ̀lú ayọ̀ àti ẹkún.

Ayọ̀: ìkómọ àkọ́kọ́ ti wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. VIDEO_TS rẹ̀ jẹ́ 4.2 GB, ó di 1.3 GB, ó sì gba láptọ́ọ̀pù mi ní wákàtí kan dín díẹ̀. VLC gbé VCD ìgbéyàwó, ohun tí Linux sọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹkún: ìṣílé kún fún ìlà. Bí àwọn èèyàn bá jókòó, ó dára. Bí bàbá bá ju apá agbádá sẹ́yìn báyìí, etí agbádá yóò ya bí eyín òòyà. Mo rò pé àwo ló bàjẹ́, mo tún un ṣe, bákan náà ni.

Ẹkún kejì: wọ́n mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ ìsìnkú apá kìíní dé 91 nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì mi kì í lo ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí iná dé, fáìlì wà níbẹ̀, ó tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣí i, títí kan VLC.

Onífídíò_Ìjẹ̀bú kọ:

Ẹ rọra, àwo kò bàjẹ́. Ẹ lọ wo "Filters" nínú HandBrake. Ó dá mi lójú pé ẹ ti pa nǹkan kan níbẹ̀.

ỌmọBódìjà kọ:

Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀? Mo pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kí ó lè yára.

Onífídíò_Ìjẹ̀bú kọ:

Gbogbo èèyàn ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kámẹ́rà tí a fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà kì í ya odindi àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń ya ìlà 1, 3, 5, 7 títí dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò padà wá ya ìlà 2, 4, 6, 8. Ìdajì àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n onígò náà ń fi wọ́n hàn bẹ́ẹ̀, ojú kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì ń fi gbogbo ìlà hàn pa pọ̀. Láàárín ìgbà tí kámẹ́rà ya ìlà àkọ́kọ́ àti ìgbà tó ya èkejì, apá agbádá ti kúrò níbi tó wà. Ìdajì agbádá wà níhìn-ín, ìdajì wà lọ́hùn-ún, wọ́n wá wọ inú ara wọn bí eyín òòyà. Ẹni tó jókòó kò kúrò níbì kan, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi dára.

Ohun tó ń tún un ṣe ni "Deinterlace" tí ẹ pa. Ẹ dá a padà sí "Decomb". Tó bá jẹ́ ijó ló pọ̀ nínú àwo kan, ẹ lè mú "Yadif" kí ẹ yan "Bob" níwájú rẹ̀. Èyí yóò sọ ìdajì kọ̀ọ̀kan di odindi àwòrán, 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ijó yóò sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí "Video" kí ẹ yí "Framerate" láti 25 sí 50, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí Bob fún yín lọ́wọ́ ọ̀tún, 25 yóò gbà á lọ́wọ́ òsì. Fáìlì yóò tóbi díẹ̀. Èmi kì í lò ó fún ìsìnkú. Fún Ojúde Ọba, níbi tí ẹṣin ti ń sáré, n kò lè ṣe é láìlò ó.

Ẹ má ṣe é fún VCD, kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀.

TúnKọ̀ǹpútàṢe kọ:

Ọ̀rọ̀ iná kù sí mi lọ́wọ́. MP4 ni fáìlì tó ń kọ atọ́ka rẹ̀ sí ìparí iṣẹ́. Iṣẹ́ tí iná gé ní 91 kò tíì ní atọ́ka, VLC kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. HandBrake náà kì í bá ibi tó dúró sí lọ, láti òdo ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí iná àdúgbò yín bá rí bí ti àdúgbò wa, ẹ yí "Format" sí MKV. Bí iná bá lọ, èyí tó ti ṣe yóò ṣí, ẹ ó kàn pàdánù ìyókù. Android ń gbé MKV, VLC ń gbé e nígbà gbogbo. Tàbí kí ẹ to gbogbo wọn sínú "Queue" kó máa ṣe wọ́n tẹ̀ léra, kí ẹ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tí jẹnẹrétọ̀ kì í ti í kú.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, ẹ má gbé e sórí ibùsùn. Iṣẹ́ yìí máa ń mú un gbóná, aṣọ ibùsùn sì ń dí i nímú.

Ìyá_Àbíkẹ́ kọ:

Àwọn méjì tí kò ṣí ńkọ́? Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín pa á, ó ṣiṣẹ́ fún mi rí.

TúnKọ̀ǹpútàṢe kọ:

Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ọṣẹ ìfọyín kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi tó mọ́, ọṣẹ díẹ̀, aṣọ òwú tó rọ̀. Láti ihò àárín ni kí ẹ ti máa nù ún jáde tààrà sí etí. Ẹ má nù ún róbótó. Ìhá (ojú ibi tí nǹkan ti ha á) tó bá yípo pẹ̀lú àwo ló ń pa á, torí ọ̀nà tí iná dírááfù ń gbà kà á nìyẹn. Ìhá tó dábùú, dírááfù lè fò ó.

Ẹ tún yí i padà kí ẹ wo ojú tí wọ́n kọ̀wé sí. Bó bá jẹ́ VCD, ibi tí fídíò wà kò jìnnà sí ojú yẹn rárá, lábẹ́ kíkùn tín-ín-rín ló wà. Gègé tó le lè gún un. Ẹ gbé e sókè sí gílóòbù: bí iná bá yọ láti ibi kan bí ìràwọ̀, ibẹ̀ ti lọ. Ti DVD sàn díẹ̀, àárín ike méjì ni wọ́n fi tirẹ̀ sí. Bí kò bá sí ihò, ẹ gbìyànjú dírááfù mìíràn. Mo ní dírááfù ògbólógbòó kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ka ohun tí àwọn tuntun kọ̀.

Linux_ni_mo_ń_lò kọ:

Bó bá jẹ́ DVD, tí dírááfù bá ti lè mọ̀ pé àwo wà nínú rẹ̀, ẹ fún ẹni tó ní Linux kó lo ddrescue, sọ́fútíwíà tó ń kó ohun tó kù lórí àwo tó gbó:

ddrescue -n -b 2048 /dev/sr0 isinku2.iso isinku2.map
ddrescue -d -r3 -b 2048 /dev/sr0 isinku2.iso isinku2.map

Èkíní ń kó ibi tó rọrùn, ó ń fo ibi tó ṣòro. Èkejì ń padà lọ bẹ àwọn ibi tó ṣòro, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tó dára níbẹ̀ ni ìwé .map yẹn: ẹ lè dá a dúró, kí ẹ nu àwo, kí ẹ gbé e lọ sínú dírááfù mìíràn, yóò máa bá ibi tó kù lọ. Iná lọ, iná dé, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ lè fi ISO náà (odindi àwo nínú fáìlì kan) fún HandBrake bí ẹ ṣe ń fún un ní VIDEO_TS. Mo wà ní Ìbàdàn, mo lè bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Onífídíò_Ìjẹ̀bú kọ:

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ṣé ojú àwo náà ní àwọ̀ méjì, bí ẹni pé ẹ̀yà kan dúdú ju èkejì lọ? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ agbohùngbàwòrán inú ilé ló kọ ọ́, tí wọn kò "finalize" rẹ̀ (pa á dé kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á) kí wọ́n tó yọ ọ́, nǹkan wà lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò pè é ní òfìfo. Ẹ̀rọ tó kọ ọ́ gan-an ló rọrùn jù láti fi parí rẹ̀.

ỌmọBódìjà kọ:

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo jẹ yín ní ìròyìn.

Decomb mú òòyà kúrò nínú agbádá. Linux wá gbé àwọn àwo méjì náà. Ìsìnkú apá kejì jáde, ibi kan wà tí àwòrán dì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń náwó, àbúrò bàbá ní ó dára bẹ́ẹ̀. Èkejì kò ní ohunkóhun nínú, òfìfo tí a tọ́jú fún bí ogún ọdún ni. Ohùn alága ìdúró kéré nínú ìgbéyàwó kan tó jẹ́ DVD, mo rí "Gain" lábẹ́ "Audio", mo gbé e sí 6, ohùn náà sì dún sókè.

Ẹbí ti ń bèèrè lórí WhatsApp. Mo fi ránṣẹ́ bíi "Document", kì í ṣe bíi fídíò, torí WhatsApp máa ń fún fídíò mọ́lẹ̀. Èyí tí kò bá ti ju 2 GB lọ ń kọjá.

Ojúde Ọba ni mo fẹ́ bi yín. Mo lo Bob bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, àwọn ẹṣin ń sáré bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára fáìlì VOB ń sọ pé 2002 ni. Bàbá wò ó, wọ́n dá a dúró, wọ́n fi ìka gbòòrò ojú tábúlẹ́ẹ̀tì (èmi kò kọ́ wọn!), wọ́n ní 2006 ni, pé aṣọ tí ẹgbẹ́ àwọn wọ̀ lọ́dún náà ni sányán yẹn, àti pé fìlà yẹn kò tíì dé orí àwọn ní 2002. Orúkọ wo ni kí n fún fáìlì?

Onífídíò_Ìjẹ̀bú kọ:

2006. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná ló ń padà sí oṣù Kìíní ọdún 2002. N kò tún un ṣe.

ỌmọBódìjà kọ:

Ẹ̀gbọ́n... ṣé ẹ̀yin lẹ ya á ni?

Onífídíò_Ìjẹ̀bú kọ:

Ẹ wo ìparí rẹ̀ bóyá nọ́ńbà fóònù kan ń sáré lọ lábẹ́ àwòrán lórí pátákó pupa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi kí bàbá, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n san owó mi tán.